Àdúrà Olùkópa Kẹrin

Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi ṣeré. Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi nílé wa ní Igbotako. Wọn á ní, "Ó wà ní Okitipupa, ó ń ṣeré." Èmi tí mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, tí mo ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ gíga, tí mo níyàwó, tí irun ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi! Màá ní, "Màámi, irú eré yẹn kọ́." Wọn á wò mí tàánútàánú. "Eré wo ló tún wà, ọma mi? Ẹni tó bá ń ṣeré, eré náà ló ń ṣe."

Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí mi ló kó mi sí i. Oyè ọ̀mọ̀wé ni mò ń lé, lórí bí àwọn máníjà ṣe ń pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ yẹn ò le: màá tẹ ìwé ìbéèrè, màá pín in, wọn á fi bírò máàkì ohun tó bá wù wọ́n, màá kó o jọ, ó parí. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Tó o bá bi máníjà pé báwo ló ṣe ń ronú, irọ́ ló máa pa fún ẹ. Gbogbo wọn ló máa ní àwọn máa ń fara balẹ̀, àwọn máa ń gba ìmọ̀ràn. Má bi í ní nǹkan kan. Ṣe ilé iṣẹ́ kan fún un lórí tábìlì, jẹ́ kó máa darí ẹ̀, kí nǹkan sì máa bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn lo máa mọ irú ẹni tó jẹ́."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gé páálí nìyẹn. Mo ya ilé iṣẹ́ epo pupa kan sórí páálí ńlá: ibi tí wọ́n ń kó ẹyìn sí, ibi tí wọ́n ti ń sè é, ẹ̀rọ ìfúnpo, àti àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rọ epo sí. Kálukú ló ní páálí tirẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó síwájú rẹ̀ ni máníjà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo pè ní oṣù kan. Lóṣooṣù, máníjà á kọ iye ẹyìn tó fẹ́ rà sínú ìwé rẹ̀, á sọ bóyá òun máa ta epo ni àbí òun máa tọ́jú rẹ̀ dìgbà tó bá wọ́n, lẹ́yìn náà á wá fa káàdì kan lọ́wọ́ mi. Inú káàdì yẹn ni ìyọnu wà. "Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ ò lè wọlé." "Ẹ̀rọ ìfúnpo ti dákẹ́." "Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ní kí o gba àbúrò ìyàwó òun síṣẹ́." Èyí tó kẹ́yìn yìí, kò sí máníjà kan tó fà á tí kò mí kanlẹ̀.

Òfin kan wá wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹni tó ń ṣeré gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tó ń rò jáde lẹ́nu bó ṣe ń rò ó, kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sì máa gbà á. Láìsí ìyẹn, ohun tí máníjà ṣe nìkan lo máa rí, o ò ní mọ ìdí tó fi ṣe é, ìwádìí ò sì sí. Nínú ìwé àwọn òyìnbó, ó dùn-ún kà. Àwọn tó kọ ọ́ ò tíì dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rí.

Ẹni tó fún mi níbi tí mo ti ṣe é ni Bàbá Ìjọ wa. Ìjọ aládùúrà ni wá ní Igbotako, gbọ̀ngàn kan sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kì í lò ní Sátidé. Bàbá Ìjọ ló kọ́ ọ. Òun kan náà ló ni ilé iṣẹ́ epo pupa tó lókìkí jù ní Òde-Ayé. Mo mọ̀ pé àgbà ni, ó sì yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, nítorí náà "ó" ni màá máa pè é títí màá fi parí. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè, á dúró síwájú ìjọ nínú aṣọ funfun, á jẹ́rìí pé Ẹ̀mí ló ń sọ ọjọ́ tí òun máa ta epo fún òun. Á ní nígbà tí àwọn tó kù bá ń sáré tà, Ẹ̀mí á ní kí òun dúró. Nígbà tí wọ́n bá sì dúró, Ẹ̀mí á ní kí òun tà. Ìjọ á hó yèè, gbogbo wa á jó.

Ó fún mi ní gbọ̀ngàn, ó sì ṣèlérí pé tí mo bá parí, òun á fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda tí yunifásítì ń béèrè. Ìwé yẹn kì í ṣe eré rárá. Bí ẹni tó ni ibi ìwádìí ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní ka iṣẹ́ mi, ọdún márùn-ún á wọmi.

Mo ní kí akọ̀wé ìjọ bá mi kéde pé mò ń wá àwọn máníjà fún eré ilé iṣẹ́ epo. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Máníjà ilé epo bẹntiróò kan gbọ́ "epo", ó múra, ó wá. Kó tó yé e pé epo pupa là ń sọ, ó ti ti ilé iṣẹ́ orí páálí rẹ̀ pa, ó ní epo ti tán, kí àwọn oníbàárà tò sórí ìlà.

Àwọn mẹ́jọ ló pé jọ ní Sátidé àkọ́kọ́, máníjà ńláńlá, gbogbo wọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń ṣe nílé àdúrà wa. Wọ́n ní a ò lè bẹ̀rẹ̀ láìgbàdúrà. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn jẹ oṣù méjì nínú ọdún eré mi. Lẹ́yìn rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, mo ní, "Ó yá, ẹ máa sọ ohun tí ẹ bá ń rò sókè."

Máníjà bèkìrì kan láti Okitipupa ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Tísà, ẹ má bínú o. Ṣé kí n máa dá sọ̀rọ̀ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ohun tí ẹ bá ṣáà ti ń rò."

"Kí n máa dá sọ̀rọ̀, kí àwọn èèyàn máa gba ojú fèrèsé wò mí? Ta ló máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wèrè?"

Àwọn yòókù mi orí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀, mo gbaná jẹ. Mo pariwo mọ́ àwọn àgbà tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ kí. Kàkà kí wọ́n sọ̀rọ̀, ìwé ara wọn ni wọ́n ń yọjú wò bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde, wọ́n sì ń bi mí pé èwo gan-an ni ìdáhùn tó tọ̀nà. Nígbà tí mo délé tí mo tẹ́tí sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ohun tí mo gbọ́ fún wákàtí méjì ààbọ̀ ni jẹnẹrétọ̀, ikọ́, àti ẹnì kan tó ń jẹ ẹ̀pà. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ìyá Máníjà ló gbà mí ní Sátidé kejì. Bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn. Òun ni máníjà ilé iṣẹ́ Bàbá Ìjọ ní Òde-Ayé. Ọmọ ìlú Iyansan ni, ó sì ti pẹ́ nínú ìjọ wa. Ẹyìn ló kọ́kọ́ ń ṣà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù, kí wọ́n tó rí i pé orí rẹ̀ pé, tí wọ́n fi í ṣe máníjà. Ọkọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn láti ọdún méjì, iṣẹ́ yẹn ló sì ń bọ́ ilé, òun ló ń ra oògùn, òun ló ń rán ọmọ lọ síléèwé. Bó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sí òmíràn. Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi "wọ́n" pè é létí rẹ̀, á wẹ̀yìn, á ní, "Àwọn mélòó? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Ẹ̀rọ ìfúnpo ti dákẹ́" ni káàdì tó fà. Ó kà á, ó gbé e sílẹ̀, ó dijú, ó sì la ohùn:

"Ọba tí í gbọ́ ti ẹni tí wọ́n ní kó dákẹ́, mo tún dé o. Ẹ̀rọ ti kọṣẹ́. Ẹyìn wà nílẹ̀, Ìwọ náà rí i, bó bá di ọ̀túnla á ti máa jẹrà. Mẹ́káníìkì Okitipupa gbọ́n jù, á ní àfi ká ra tuntun. Ti Igbotako mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mutí. Bó bá jẹ́ àárọ̀ kùtù ni mo pè é, kò ní tíì mu. Bàbá, mú un jí kí ẹlẹ́mu tó jí. Kó tó dé, kí àwọn obìnrin fi ẹsẹ̀ tẹ díẹ̀ níbẹ̀ bíi ti àwọn ìyá wa, kí gbogbo rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ní orúkọ Jésù."

"Àmín!" ni àwọn máníjà méje dáhùn. Máníjà bẹntiróò tiẹ̀ ti ń kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀: Igbotako, láàárọ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Gbogbo ohun tí àwọn òyìnbó ní kí n wá ló wà nínú àdúrà yẹn: ohun tó rí, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ọ̀nà tó yẹ̀ wò, èyí tó jù dànù, àti ìdí tó fi jù ú dànù. Àbí ta ló sọ pé àwọn èèyàn wa ò lè sọ èrò wọn sókè? Láti kékeré la ti ń sọ ọ́ sókè, Ọlọ́run la kàn ń sọ ọ́ fún. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ronú mọ́. Ẹ gbàdúrà."

Háà, ẹ wá wo máníjà! Ti bèkìrì tí kò fẹ́ ya wèrè lọ́jọ́sí, kò sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́ mọ́. Ó gbàdúrà lórí iye ẹyìn tó fẹ́ rà, ó ti ibẹ̀ ya sórí bèkìrì tuntun tí wọ́n ṣí sí òdìkejì tirẹ̀, ó ní kí búrẹ́dì wọn má wú. Ti bẹntiróò fa káàdì àbúrò ìyàwó, ó figbe ta pé òun dè é, òun sọ ọ́ sínú iná, ló bá ju káàdì mi gba ojú fèrèsé. Èmi ni mo lọ wá a nínú oko ẹ̀gẹ́. Àmọ́ inú mi ń dùn bí mo ṣe ń wá a. Mo pe ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó ní irú ọgbọ́n ìwádìí báyìí kò wọ́pọ̀, òun máa gbé e lọ sí àpérò kan lókè òkun. Orúkọ òun ló máa ṣáájú, torí òun lòun ní kí n lọ ṣeré. Kí ni ǹ bá wí?

Ohun tí èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n ò rò ni pé èèyàn lè purọ́ fún olùwádìí, ó lè purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dijú kó wá máa purọ́ fún Ọlọ́run.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, mo pín wọn níyà. Wọ́n ti jí ìwé ara wọn wò tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé bá mi nínú yàrá kékeré tí ìjọ ń kó àga sí. Nígbà tó kan Ìyá Máníjà, káàdì tó fà ni: "Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ní kí o má tíì ta epo. Ìwọ rí i pé iye tí wọ́n ń rà á ti ń já wálẹ̀." Ó wo káàdì yẹn títí. Mo rò pé kò yé e ni. Ó wá dijú, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ọba tí í gbọ́ ti ẹni tí wọ́n ní kó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló tún dé. Ìwọ mọ̀ pé tí Bàbá Ìjọ bá ti ní Ìwọ lo sọ pé ká má tíì tà, bẹ́ẹ̀ ni sà ni mo máa ń wí. Tí wọ́n bá ti lọ tán, màá tà á. Ọdún kẹta rèé. Tí wọ́n bá fi máa ní Ìwọ ti ní ká tà, epo ti lọ. Bí wọ́n bá dúró níwájú ìjọ tí wọ́n ń sọ pé ìran ni, èmi náà ń jó, èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Dárí jì mí. Ṣùgbọ́n Ìwọ náà mọ̀ pé tí mo bá ṣe bí wọ́n ṣe wí, ibẹ̀ yẹn ì bá ti kú, àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn ì bá ti padà sílé. Nínú eré yìí náà, màá tà á. Dárí jì mí fún tibí náà."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ó lajú, ó rí iná pupa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó ní, "Tísà, ìyẹn gbọ́?"

Mo ní, "Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa mọ̀. A kì í kọ orúkọ nínú ìwádìí, nọ́mbà la máa ń lò. Ẹ̀yin ni Olùkópa Kẹrin."

Ó ronú sí i. "Kẹrin. Kò burú." Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo gbé ìwé ìyọ̀ǹda lọ bá Bàbá Ìjọ. Ó ti ṣí bírò. Ó wá tún dé e. "Ọ̀mọ̀wé," — bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, kí wọ́n tó fi mí joyè — "kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

Mo ní àṣírí ni, sà.

"Àṣírí? Nínú ilé Ọlọ́run? Èmi ni Bàbá Ìjọ, èmi ni mo kọ́ gbọ̀ngàn. Àdúrà ni wọ́n gbà níbẹ̀, ṣe ìwọ lo wá fẹ́ máa tọ́jú àdúrà ìjọ fún mi? Jẹ́ kí n kà á, màá fọwọ́ sí i."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo ní kí ó fún mi láàyè díẹ̀. Mo pe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní, "Kí ló ń dààmú ẹ? Yọ orúkọ kúrò, kó o fún un. Òfin ò ní ká má fún un, òfin ní ká yọ orúkọ." Mo jókòó ti ìwé tí mo da àdúrà wọn kọ sí fún ọjọ́ mẹ́rin. Níbi tí Ìyá Máníjà bá ti wí "Bàbá Ìjọ", mo kọ "ẹni tó ni ilé iṣẹ́". Mo yọ Igbotako, mo yọ Okitipupa, mo yọ ọ̀rọ̀ ìjọ àti ti ìran, mo yọ àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn. Mo fẹ́ yọ ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà ọ̀kọ̀ọ̀kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá o, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń fi bí máníjà ṣe ń kó èrò rẹ̀ jọ hàn. Mo fi í sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé funfun, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa, mo gbé e fún un. Kí n má purọ́, mo tiẹ̀ ń fọ́nnu nínú ara mi pé kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ta ni ta.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti jọ́sìn nínú irú ìjọ wa rí, ẹ ti mọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń gbàdúrà sókè, kálukú pẹ̀lú bó ṣe ń pe Ọlọ́run tirẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá dijú nínú ìjọ wa, á sọ fún ọ ẹni tó ń gbàdúrà kí onítọ̀hún tó sọ gbólóhùn kejì. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí mo ti ń gbọ́ "Ọba tí í gbọ́ ti ẹni tí wọ́n ní kó dákẹ́" láti ìgbà tí mo wà léwe, mo yọ orúkọ ìlú, mo yọ orúkọ ènìyàn, mo wá fi èyí sílẹ̀. Ìwé ti gba orí mi. Nọ́mbà ni mò ń rí, mi ò rí èèyàn mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Ìjọ pè mí pé kí n wá bá òun ní Òde-Ayé. Ohùn rẹ̀ tutù, ẹ̀rù sì bà mí. Mo gun ọ̀kadà, mo ní kí ó dúró dè mí. Ọkọ̀ akẹ́rù oníbàárà kan wà níwájú ilé iṣẹ́, ó ṣófo. Àwọn obìnrin jókòó ti òkìtì ẹyìn, wọ́n ń ṣà á láìsọ̀rọ̀. Nínú ọ́fíìsì, Bàbá Ìjọ jókòó sórí àga Ìyá Máníjà. Ìyá Máníjà fúnra rẹ̀ dúró lẹ́bàá ògiri, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Kò wò mí.

Bàbá Ìjọ ka àdúrà Olùkópa Kẹrin sókè látòkè délẹ̀. Ó kà á bí ẹni ń ka Bíbélì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wá gbé ojú sókè. "Ta ní í bẹ̀rẹ̀ àdúrà báyìí nínú ìjọ wa?" Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ìwọ lo ni eré. Ohun tí èèyàn bá sọ nínú eré rẹ, ṣé òótọ́ ni àbí eré ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, máníjà mi á gba ilé rẹ̀ lọ lónìí. Bó bá jẹ́ eré, kọ ọ́ síbí pé eré ni, pé kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀, fọwọ́ sí i. Èmi náà á fọwọ́ sí tìrẹ, a óò lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́."

Ẹ wo ọ̀fìn tí mo gbẹ́. Orí àkọ́kọ́ ìwé mi, ìpínrọ̀ kejì, èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí máníjà bá ṣe nínú eré ni ohun tó ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ojúewé yòókù, orí rẹ̀ ló dúró lé. Bí mo bá kọ̀wé pé irọ́ ni, kò sí oyè, kò sí àpérò lókè òkun, ọdún márùn-ún ti di ti ìyá mi: mo kàn ń ṣeré. Bí mi ò bá kọ ọ́, obìnrin tó fọkàn tán mi á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọkọ tó ń ṣàìsàn nílé. Mo wò ó. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo gba bírò. Mo kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: "Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nínú eré yìí, eré lásán ni, kò sí òótọ́ nínú rẹ̀." Mo fọwọ́ sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkàn mi fúyẹ́. Mo ti ṣi nǹkan ṣe, mo sì ti tún un ṣe. Mo tiẹ̀ ń retí kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá Ìjọ tújú ká. Ó nawọ́ gba ìwé náà, ó fa ìwé ìyọ̀ǹda mi mọ́ra láti fọwọ́ sí i.

Ìyá Máníjà ní, "Ẹ má fọwọ́ sí i, sà."

Àwa méjèèjì yíjú sí i.

Ó ní, "Tísà ṣe é nítorí mi, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n èmi ò ṣeré. Mo mú káàdì, mo wo páálí, ìyẹn eré ni. Nígbà tí mo dijú, eré ti tán. Ọlọ́run ni mo bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá wá jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni, ta ni mo pa á fún?"

"Nítorí náà, ọdún mẹ́ta lo fi ń tàn mí jẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ìran tí mo rí ńkọ́? Gbogbo ẹ̀rí tí mo jẹ́ lójú ìjọ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, sà."

Bàbá Ìjọ fi ìka lu tábìlì. Ó ní kí ó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìyá Máníjà tú u ní etí ìró rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà, ó tò wọ́n síwájú ọ̀gá rẹ̀, ó ń sọ ti ilẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún un kó má bàa ṣì wọ́n mú.

Àárín ìyẹn ni awakọ̀ akẹ́rù yọrí wọlé. Ó ní, "Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀ ń tà ni àbí ẹ ò tà? Láti òwúrọ̀ ni mo ti wà níbí. Bí ẹ ò bá tà, ẹ sọ fún mi kí n kọrí sí ibòmíràn."

Bàbá Ìjọ wo awakọ̀. Ó wo àwọn dúrọ́ọ̀mù láti ojú fèrèsé, wọ́n kún, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Ó yíjú sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, ṣé ká tà á?"

Ọdún márùn-ún. Ìdí tí máníjà fi ń tà àti ìdí tí kì í fi í tà ni mo fi gbogbo rẹ̀ kọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Ìyá Máníjà ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́pá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Ìjọ pè é, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ láìfẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀. "Ìyá Máníjà. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí... ṣé ká tà á?"

Ó yí padà. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí ọmọ Iyansan tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé.

"Ẹ bi Ẹ̀mí, sà," ló wí, ó dìde, ó sì gun ọ̀kadà tó ń dúró dè mí lọ.